Yíyá àti Rírà Páálẹ́ẹ̀tì ní Ilé Iṣẹ́ Alábọ́ọ́dé

1. Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ìbéèrè kan tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ alábọ́ọ́dé tí ó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn: ṣé kí ó ra páálẹ́ẹ̀tì tí yóò máa to ẹrù lé ni, àbí kí ó máa yá a lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín? Àtẹ́lẹ̀ onípákó tí ó ní àyè lábẹ́ ni páálẹ́ẹ̀tì. Orí rẹ̀ ni a ń to àpótí tàbí àpò ẹrù lé kí ẹ̀rọ agbẹ́rù, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ebúté ń pè ní fọ́kílíìfù, lè ki ọwọ́ irin rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀, kí ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan yẹpẹrẹ ni lójú. Kò sí ẹni tí ń tìtorí páálẹ́ẹ̀tì ra bisikíìtì tàbí ọṣẹ. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí kò mọ iye tí ó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ àti iye tí ó ń padà wọlé lè máa pàdánù owó ní ọdọọdún láìmọ ibi tí owó náà ń gbà jò.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí á kọ iye owó rírà sí apá kan, kí á kọ iye owó yíyá sí apá kejì, kí á sì mú èyí tí ó kéré. Èrò yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀ tó. Kí á tó lè ṣírò owó kankan, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí páálẹ́ẹ̀tì náà ń lọ lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lọ́dọ̀ wa, kí á mọ ẹni tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kí á sì mọ ohun tí yóò mú onítọ̀hún dá a padà. Ìdáhùn sí èyí ni ó ń pinnu bóyá yíyá ni ó dára tàbí rírà. Iye owó kàn ń tẹ̀ lé e ni.

2. Yíyá, háyà àti ìṣákọ́lẹ̀

Ó yẹ kí á yanjú ọ̀rọ̀ náà 'yá' fúnra rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó fi nǹkan sílẹ̀ àti ẹni tí ó gbà á ni a ń lò ó fún: Òjó yá Àìná lówó, Àìná yá owó lọ́wọ́ Òjó. Ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ bóyá owó wà lórí ohun tí a yá. Ẹni tí ó yá ọkọ́ aládùúgbò rẹ̀, bí ó bá ti lò ó tán, yóò dá a padà, yóò sì dúpẹ́. Háyà ni ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì fún èyí tí owó wà lórí rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá háyà kẹ̀kẹ́ ológeere fún wákàtí kan tàbí méjì. Nínú háyà, àsìkò ni a ń tà. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró sí ẹ̀yìnkùlé tí kò rìn, owó rẹ̀ ń ka ara rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó súnmọ́ yíyá páálẹ́ẹ̀tì jù lọ nínú àṣà wa ni ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí a fún ní ilẹ̀ láti fi dá oko ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ ní ọdọọdún. Bí ó san án fún ogún ọdún, ilẹ̀ kò di tirẹ̀. Kódà, ìsanwó náà gan-an ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú páálẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé iṣẹ́ ayánilẹ́rù ń gbé jáde. Wọn kì í tà á. Ó lè kọjá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ márùn-ún láàárín oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè sọ pé òun ni òun ni ín. Ọ̀pọ̀ wàhálà tí ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá láti inú àìmọ ìyàtọ̀ yìí: olùṣọ́ ọgbà rí pákó lẹ́yìn ilé, ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó fi dáná tàbí ó tà á fún ẹni tí ń ra pákó kiri. Ohun olóhun ni ó tà.

3. Ọ̀nà méjì tí àjùmọ̀lò gbà bẹ̀rẹ̀

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni lílo páálẹ́ẹ̀tì àti fọ́kílíìfù gbilẹ̀, nítorí pé àwọn ológun Amẹ́ríkà ní láti kó ẹrù tí ó pọ̀ rékọjá òkun láàárín àkókò díẹ̀. Nígbà tí ogun parí, wọ́n fi ọ̀pọ̀ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ọsirélíà. Ìjọba orílẹ̀-èdè náà kò jẹ́ kí wọ́n bàjẹ́. Ó dá ètò kan sílẹ̀ tí a pè ní Commonwealth Handling Equipment Pool láti máa mójú tó wọn. Ní ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ Brambles ra ètò náà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó di orúkọ CHEP, tí páálẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí a kùn ní ọ̀dà búlúù wà káàkiri ayé báyìí. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1990 ni ó wọ Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn ti dìde lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun tiwọn. Ọ̀dà yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àmì olówó ni, bí ilà tí darandaran ń fi irin gbígbóná kọ sí ara màlúù.

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, kò sì ní onílẹ̀ tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ní ọdún 1961, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, UIC, fẹnu kò lórí páálẹ́ẹ̀tì kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 800, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 1200. Pákó 11, ìtì igi kékeré 9 àti ìṣó 78 ni a fi ń kan án, ó sì ń wọn nǹkan bí kílógíráàmù 25. Ohun tí ó jẹ́ kí ìwọ̀n ṣe pàtàkì ni pé bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, a lè fi ọ̀kan rọ́pò òmíràn. Awakọ̀ tí ó gbé páálẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rù 30 dé yóò gba òfìfo 30 padà kí ó tó kúrò. Láti ọdún 1991 ni àjọ EPAL ti wà tí ń ṣọ́ bí a ti ń kàn wọ́n àti bí a ti ń tún wọn ṣe.

Ètò pààrọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí a ti ń ta ọtí inú ìgò. Ìyá tí ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bí ó bá kó kéréètì òfìfo mẹ́wàá lọ, mẹ́wàá ẹlẹ́kún ni yóò kó bọ̀. Bí kò bá ní òfìfo, yóò san owó ìgò pẹ̀lú owó ọtí. Òfìfo yìí ni owó okòwò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìgò lásán ni ó kó jọ sí abẹ́ àtẹ. Ó sì mọ àléébù ètò náà dáadáa: ìgò tí ẹnu rẹ̀ ti ya, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù. Ẹni tí ó fi páálẹ́ẹ̀tì tuntun ránṣẹ́ lè gba ògbólógbòó tí pákó rẹ̀ ti là, kí á sì sọ fún un pé ọ̀kan ni ó mú wá, ọ̀kan ni ó mú lọ.

4. Ìṣirò

Kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Kí á sọ pé ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń kó ọjà lọ sí ilé ìtajà ńlá méjì àti sí ọ̀pọ̀ alágbàtà kéékèèké. Iye tí a ó lò nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe iye ọjà ọdún kan pàtó. A mú un kí ìṣirò lè rọrùn ni.

Bí ó bá ra páálẹ́ẹ̀tì ní £12, tí páálẹ́ẹ̀tì náà sì rin ìrìn mẹ́wàá kí ó tó gbó, owó rírà lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ £1.20. Bí àtúnṣe bá ń gba £1 lórí ìrìn kan, tí gbígbé òfìfo padà sílé sì ń gba £1.30, gbogbo rẹ̀ jẹ́ £3.50. Ní ti yíyá, kí á sọ pé ayánilẹ́rù ń gba £1.50 nígbà tí ó bá gbé e jáde, £1 nígbà tí a bá fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àti pẹ́ńsì 2 lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí páálẹ́ẹ̀tì bá lo 40 ọjọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, owó ọjọ́ jẹ́ pẹ́ńsì 80, àpapọ̀ sì jẹ́ £3.30.

Ogún pẹ́ńsì péré ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá dúró síbí yóò sọ pé yíyá dára jù, yóò sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú ìṣirò yìí tí kò dúró lójú kan. Nínú rírà, a gbà pé páálẹ́ẹ̀tì ń padà nígbà gbogbo. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá ń sọnù ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, páálẹ́ẹ̀tì kan kò ní rìn ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ bí a bá pín in dọ́gba. £12 tí a pín sí mẹ́rin jẹ́ £3, kí á tó fi owó àtúnṣe àti owó ìgbépadà àwọn tí kò sọnù kún un. Àpapọ̀ yóò súnmọ́ £4.73. Nínú yíyá ẹ̀wẹ̀, a gbà pé ọjọ́ 40 ni. Bí ọjà kò bá tà, tí bisikíìtì jókòó lórí páálẹ́ẹ̀tì fún 120 ọjọ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí, owó ọjọ́ di £2.40, àpapọ̀ sì di £4.90. Nítorí náà, ọ̀tá ẹni tí ó rà ni àdánù; ọ̀tá ẹni tí ó yá ni ìjókòó. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó mọ èwo nínú ọ̀tá méjèèjì ni ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ó tún burú ni ti páálẹ́ẹ̀tì yíyá tí ó sọnù tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Pẹ́ńsì 2 lóòjọ́ jẹ́ £7.30 ní ọdún kan. Bí a bá wá mọ̀ ní òpin ọdún, tí ayánilẹ́rù sì béèrè £15 gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú, pẹ̀lú £1.50 tí a ti kọ́kọ́ san, páálẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yìí ti gba £23.80. Ó ku ogún pẹ́ńsì kí ó tó iye tuntun méjì. Owó ọjọ́ tí a ti san kò sì dín owó gbà-má-bínú kù rárá. Ẹni tí ó bá mọ ètò ìwọ̀fà láyé àtijọ́ yóò rántí pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín owó tí a yá kù. Èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́, gbèsè sì wà níbi tí ó wà.

Ti owó okòwò kò ṣeé gbójú fò. Bí páálẹ́ẹ̀tì 500 bá ń jáde lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó padà, ilé iṣẹ́ náà nílò 3,000, ìyẹn £36,000. Bí àwọn oníbàárà bá fà á di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, 5,000 ni yóò nílò, owó náà sì di £60,000, láìjẹ́ pé bisikíìtì kan lé sí iye tí ó ń tà. Ilé iṣẹ́ ńlá lè fara da èyí. Alábọ́ọ́dé tí ó ń yá owó ní báńkì láti ra ìyẹ̀fun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìfara pa. Ní àsìkò Kérésìmesì tí ẹrù ń pọ̀, ẹni tí ó rà ní láti ra iye tí yóò tó fún ọ̀sẹ̀ tí ẹrù pọ̀ jù, kí ìyókù sì máa jókòó títí ọdún mìíràn yóò fi yí po. Níhìn-ín ni agbára yíyá wà ní tòótọ́. Iye igi pẹ̀lú kì í dúró: ní ọdún 2021, owó pákó gòkè gidigidi ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn tí ń ra páálẹ́ẹ̀tì tuntun sì mọ̀ ọ́n lára.

5. Ìwé ẹnu ọ̀nà

Nínú ètò yíyá bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ọsirélíà, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀ lọ́dọ̀ ayánilẹ́rù. Nígbà tí a bá gbé ẹrù lé oníbàárà lọ́wọ́, a ó kọ ìwé pé páálẹ́ẹ̀tì 26 ti kúrò ní ojú ìwé ẹni tí ó fi ránṣẹ́, ó ti bọ́ sí ojú ìwé ẹni tí ó gbà á. Láti ìgbà náà ni owó ọjọ́ ti yí ọwọ́ padà. Bí oníbàárà bá wá sọ pé 24 ni òun rí, tàbí tí kò tilẹ̀ ní àdéhùn kankan pẹ̀lú ayánilẹ́rù, méjì tàbí gbogbo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣì wà lọ́rùn ẹni tí ó fi ránṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè fojú rí wọn mọ́.

Èyí ni ó jẹ́ kí akọ̀wé tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣe pàtàkì ju bí àwọn ọ̀gá ti ń rò lọ. Awakọ̀ ń kánjú, òjò ń rọ̀, ẹni tí ń gba ẹrù fi ọwọ́ sí ìwé láìkà á: níbẹ̀ ni àríyànjiyàn oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ alábọ́ọ́dé kan lè ní ẹnì kan ṣoṣo tí ń kọ ìwé páálẹ́ẹ̀tì, kí onítọ̀hún sì tún máa ṣe iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Bí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ yá, owó oṣù ẹni yìí gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. A kì í sábà rí i níbẹ̀.

Agbára kò sì dọ́gba láàárín àwọn méjèèjì. Ilé ìtajà ńlá lè sọ irú páálẹ́ẹ̀tì tí òun yóò gbà, kí ó sì lé ọkọ̀ tí ó gbé òmíràn wá padà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, kò sí yíyàn mọ́. Ẹni tí ń ra ọjà ti yàn fún ẹni tí ń tà á. Ohun tí ilé iṣẹ́ bisikíìtì inú àpẹẹrẹ wa lè ṣe ni kí ó pín ẹrù rẹ̀ sí méjì. Èyí tí ń lọ sí ilé ìtajà ńlá, níbi tí ayánilẹ́rù ti ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ kó òfìfo, kí ó yá páálẹ́ẹ̀tì fún un. Èyí tí ń lọ sọ́dọ̀ alágbàtà kéékèèké tí kò ní ojú ìwé níbẹ̀, kí ó lo ògbólógbòó tí ó rà ní owó pọ́ọ́kú, èyí tí kò ní dùn ún jù bí kò bá padà. Èyí tí kì í jáde kúrò nínú ọgbà, kí ó ra gidi.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé ẹni tí ó yá ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2021 àti 2022, páálẹ́ẹ̀tì yíyá wọ́n ní Ọsirélíà. Àwọn oníṣòwò ń kó ọjà pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé ọkọ̀ òkun lè pẹ́ dé, páálẹ́ẹ̀tì sì há sábẹ́ ọjà náà. Ayánilẹ́rù kò lè yáni ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

6. Ẹrù tí ń rékọjá òkun

Gbogbo ohun tí a ti sọ ń dúró lórí pé páálẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà àbọ̀. Ẹrù òkè òkun kì í sábà ní in, nítorí pé owó tí a ó fi dá òfìfo padà gba orí òkun ju iye òfìfo fúnra rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìwọ̀n pẹ̀lú kò bára mu. Páálẹ́ẹ̀tì Yúróòpù 11 ni a lè tò sílẹ̀ nínú kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20, ṣùgbọ́n 10 péré ni ti mílímítà 1000 sí 1200 tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Ọsirélíà jẹ́ 1165 ní ìhà gbogbo, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ ínṣì 48 sí 40. Ẹni tí ó bá gbé ti ibì kan dé ibòmíràn lè rí i pé kò sí ẹni tí yóò bá a pààrọ̀ rẹ̀.

Òfin kòkòrò tún wà. Ní ọdún 1996, a rí kòkòrò kan ní New York tí ń gbẹ́ inú igi, tí ó ti Éṣíà wá, a sì gbà pé inú igi ìdìrù ni ó bá wọlé. Ní ọdún 2002 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn ààbò ohun ọ̀gbìn gba ìlànà tí a ń pè ní ISPM 15 wọlé. Ìlànà yìí ní kí á mú igi ìdìrù gbóná títí tí ooru yóò fi dé ìwọ̀n 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní àárín igi náà gan-an, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, tàbí kí á lo ọ̀nà mìíràn tí ìlànà náà fọwọ́ sí, kí á tó lu òǹtẹ̀ sí i lára.

Fún àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ilé, kí á wo alábọ́ọ́dé tí ń fi kòkó ránṣẹ́ láti ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àpò kòkó 16 ni tọ́ọ̀nù kan. Nínú ilé ìkẹ́rùsí, kò gbọdọ̀ to àpò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, nítorí pé ọ̀rinrin ilẹ̀ yóò mú kí kòkó bu. Páálẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ àpò wọ̀nyí kò lọ síbì kankan láti ọdún dé ọdún. Háyà rẹ̀ yóò kàn máa ka ọjọ́ ni. Kí ó rà á, kí ó sì ra igi líle. Ọ̀pọ̀ àpò ni a sì ń tò sínú kọ̀ǹténà láìsí páálẹ́ẹ̀tì rárá. Níbi tí oníbàárà bá ti béèrè pé kí ó wà lórí páálẹ́ẹ̀tì, kí ó ra èyí tí ó ní òǹtẹ̀, tí kò wọ́n, kí ó sì fi iye rẹ̀ kún iye kòkó pátápátá bí ẹni pé àpò ni, nítorí pé kò ní rí i mọ́. Kò gbọdọ̀ mú ògbólógbòó inú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ṣe èyí. Páálẹ́ẹ̀tì tí a bá ti pààrọ̀ ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta pákó rẹ̀ lọ, ìlànà ISPM 15 sọ pé kí á pa òǹtẹ̀ àtijọ́ ara rẹ̀ rẹ́, kí á tún un mú gbóná, kí á sì lu òmíràn sí i. Pákó kan tí a kàn mọ́ ọn láìní òǹtẹ̀ lè mú kí á dá odindi kọ̀ǹténà dúró ní ebúté tí ó ń lọ.